Fi Imú Wò Ó

Òròmọdìẹ méjìlá ni mo rà ní Ọjọ́bọ̀,
nínú páálí tí wọ́n lu ihò sí lára.
Wọ́n ń ké bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo,
mi ò sì tíì ní ohun tí wọn yóò fi mu omi.

Mo bá kọrí sí ọjà Atákúmọ́sà,
lẹ́yìn pátápátá, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù:
kẹ́ẹ̀gì lórí kẹ́ẹ̀gì, ike ọ̀dà, garawa tí kò lọ́wọ́ mọ́,
páànù tó ti dógùn-ún títí ó fi ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà.
Ajéwọlé gbé kẹ́ẹ̀gì kan síwájú mi.
"Ẹ gé e sí méjì, Ìyá. Ìdajì oúnjẹ, ìdajì omi.
Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ti fi eérú fọ̀ ọ́,
mo tún da yanrìn sí i, mo mì í lẹ́ẹ̀mẹta."
Mo ṣí ìdérí. Mo ki imú bọ̀ ọ́.

Lójú ẹsẹ̀ ni mo dé oko wa lọ́nà Ìfẹ̀wàrà,
ọmọ ọdún mẹ́jọ, ìrì lẹ́sẹ̀.
Bàbá mi ń fín kòkó, ó fi àkísà di imú.
Ike oògùn tó tán ló gé, ló bu omi sí fún adìẹ.
Òpìpí ìyá mi ló kọ́kọ́ mu ún.
Kí oòrùn tó kan àtàrí,
ọrùn rẹ̀ ti ká sẹ́yìn bí ìwọ̀ ẹja.
Ọmọ rẹ̀ mẹ́sàn-án ń rìn yí i ká.
Nígbà tó yá, mẹ́rin.
Nígbà tó tún yá, a ò gbúròó ohunkóhun.
Bàbá mi kò sọ̀rọ̀.
Ó gbẹ́ ilẹ̀ jìn ju bó ṣe yẹ fún adìẹ.
Ìyá mi ló sọ̀rọ̀, lálẹ́, lẹ́bàá iná:
"Ike a máa gbàgbé ọwọ́ tó fọ̀ ọ́,
kì í gbàgbé ohun tó kọ́kọ́ gbé mì.
Ohun tí o ò lè fi mumi,
má fi fún ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀.
Fi imú wò ó."

Mo dé e padà. Mo ní ó ṣeun, kì í ṣe èyí.
Ó rẹ́rìn-ín: "Nítorí adìẹ lásán-làsàn?"
Ọ̀pọ̀ ló ń sìn ín. Èmi ti sin ín rí.

Nílé, mo lo abọ́ gíláàsì,
ó mọ́ tónítóní, kò ní òórùn kankan,
mo sì rò pé mo ti gbọ́n tán.
Ní ìdájí, Arínọlá ọmọ ọmọ mi figbe ta.
Ọ̀kan ti léfòó, ìyẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára,
bí òwú tó já sómi.
A fi gèlè mi wé e, a gbé e sẹ́bàá àtùpà.
Imú a máa gbóòórùn májèlé;
imú kò mọ ibi tó jìn.

Ó ṣẹ́jú nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí Adétí.
Arínọlá ń ṣa òkúta, ó ń dájọ́ wọn:
"Èyí kéré, wọn á gbé e mì. Èyí dáa."
A sè wọ́n bí ẹni ń se ẹ̀wà,
a tò wọ́n sínú àwo pẹlẹbẹ,
omi wá dúró sáàárín wọn, kò ju èékánná lọ.
Fún oúnjẹ, mo gé ike òróró tí àwa fúnra wa lò tán,
mo fi iná pa ẹnu rẹ̀ kó má baà mú,
mo gbé e ga dé èjìká wọn,
torí adìẹ tó bá lè wọ inú abọ́ rẹ̀,
ibẹ̀ náà ni yóò yàgbẹ́ sí.

Wọ́n mu omi, wọ́n gbójú sókè.
Ará ilé kejì ní ọpẹ́ ni wọ́n ń dá.
Mo mọ̀ pé bí ọ̀fun adìẹ ṣe rí nìyẹn:
bí kò bá gbójú sókè, omi kì í wọlé.
Ṣùgbọ́n èyí tí a fi gèlè wé
ló gbé ọrùn sókè pẹ́ jù.
Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn láàárọ̀ yìí.